Mò ń mú màmá mi lọ sí ọgbà Kirstenbosch ní Cape Town: kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó lọ?

Ọmọ Eléwé, Ìbàdàn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Ibi iṣẹ́ mi ń rán mi lọ sí Cape Town fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù Kẹsàn-án, mo sì ti pinnu pé màmá mi á bá mi lọ. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ọjà Bódè ni wọ́n ti ń ta ewé kí wọ́n tó bí mi, owó ewé náà ni wọ́n sì fi rán mi níwèé. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé ọgbà kan wà lẹ́sẹ̀ òkè níbẹ̀, tó jẹ́ pé kìkì igi àti ewé ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òkun àti ṣọ́ọ̀bù ò wọ̀ wọ́n létí mọ́. Ohun tí wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́ ni pé, "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fọwọ́ kan ewé náà?"

Eékún wọn ò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n lè rìn, àmọ́ àtẹ̀gùn púpọ̀ a máa dà wọ́n láàmú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ló dáa jù ká wọlé? Irú aṣọ wo la máa wọ̀? Ibo la máa kọ́kọ́ yà sí, ibo ló sì yẹ ká fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Cape Town

Ẹ káàbọ̀ ṣáájú, àbúrò mi. Ọdún kọkànlá mi rèé nílùú yìí, Kirstenbosch ni mo sì máa ń sá lọ nígbàkígbà tí ara bá ń ni mí.

Oṣù Kẹsàn-án tẹ́ ẹ mú yẹn dáa gan-an. Òdì ti ilé ni ojú ọjọ́ ibí. Oṣù Kẹfà sí ìkẹjọ ni òtútù àti òjò ń pọ̀, tó bá wá di ìkẹsàn-án, òjò ti ń dá díẹ̀díẹ̀, òdòdó protea ṣì wà lórí igi, àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ tó ń bo ilẹ̀ bí ẹní náà á ti là. Àmọ́ ẹ fetí sí mi dáadáa lórí ọ̀rọ̀ oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn Table Mountain ni ọgbà náà wà. Oòrùn àárọ̀ ló ń jẹ. Tó bá di ọ̀sán, òkè á dí oòrùn mọ́ ọn, òjìji á sọ̀ kalẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀, òtútù á sì dé nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn yòò láàárín ìlú. Mo ti rí àlejò tó wọ ẹ̀wù péńpé dé lẹ́yìn aago mẹ́ta tó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, aago méje alẹ́ ni wọ́n sì ń tì í láti oṣù Kẹsàn-án lọ. Ẹ jẹ́ kí màmá débẹ̀ laago mẹ́sàn-án. Ẹ̀wù òtútù méjì tí wọ́n lè bọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ìborùn, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Kí wọ́n fi sálúbàtà sílé.

Ọ̀rọ̀ fífọwọ́ kan ewé: ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ọgbà olóòórùn dídùn ni. Wọ́n gbé ebè rẹ̀ sókè kí èèyàn má baà bẹ̀rẹ̀ púpọ̀, ẹ lè fọwọ́ ra ewé kẹ́ ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà àwọn afọ́jú wà, tí wọ́n fi lẹ́tà tí wọ́n ń fọwọ́ kà kọ àlàyé sí. Ẹ mú màmá lọ síbẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má já ewé o, ìbáà ṣe ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro fún eléwé.

Awakọ̀ Claremont

Ẹ kú ìmúra, ọ̀gá. Mọ́tò ni mò ń fi gbé èrò níbí, ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí n má já èèyàn sí Kirstenbosch. Tẹ́ ẹ bá dé sí àárín ìlú, Uber tàbí Bolt ló rọrùn jù pẹ̀lú àgbàlagbà. Bọ́ọ̀sì pupa tó ń gbé àwọn àlejò yí ìlú ká náà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Owó ìwọlé àlejò ju ti onílẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú, kó mú un dání. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé rárá, ẹ rí i pé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú màmá, yellow card tí gbogbo wa mọ̀, wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú èyí tó máa wọ ikùn ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà bọ̀, wọ́n á bèèrè rẹ̀.

Ẹ lè gbé oúnjẹ wọlé. Koríko ibẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, àwọn èèyàn ń tẹ́ ẹní sórí rẹ̀ jẹun. Ẹ bo ìkòkò yín o, àwọn ẹtù àti pẹ́pẹ́yẹ ńláńlá kan wà níbẹ̀ tí ojú ò tì rárá. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bèèrè bóyá ọkọ̀ kékeré tó ń gbé àgbàlagbà yí ọgbà ká máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Arìnrìn Òkè

Mo fẹ́ fi tèmi kún un. Láti inú ọgbà yẹn gan-an ni ọ̀nà ti gun Table Mountain. Skeleton Gorge lorúkọ rẹ̀. Ẹ gbà á lọ́jọ́ tí màmá bá ń sinmi. Ó gba abẹ́ igi ṣíṣú kọjá, àkàbà wà níbì kan tí òkúta ti ga jù, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ síwájú láti orí rẹ̀, ẹ lè dé Maclear's Beacon, ibi tó ga jù lórí òkè náà, 1,086 mítà.

Ẹ má gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ o. Mo gbà á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òjò, mo ní mo mọ ọ̀nà. Omi ń ṣàn lórí òkúta, ẹsẹ̀ mi yọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi gbara lé, ó sì dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò lè fi ọwọ́ náà bu omi mu. Nursery Ravine ni kẹ́ ẹ gbà bọ̀, inú ọgbà kan náà ló ń já sí. Ẹ má ṣe dá nìkan lọ. Tí ìkùukùu bá sì ti bo orí òkè láàárọ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ màmá.

Olùkọ́ Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọgbà náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wò, fọ́tò nìkan ló máa gbé bọ̀ wálé. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rìn ín.

1913 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilẹ̀ náà wà lára ogún tí Cecil Rhodes, òyìnbó amúnisìn olówó kan, fi sílẹ̀ fún ìlú nígbà tó kú ní 1902. Ó ti di igbó, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ̀ kiri inú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ewéko kan, Harold Pearson, ló rí i tó ní ibí lòun ń wá. Òun ni olùdarí àkọ́kọ́, ó kú ní 1916, inú ọgbà náà ni wọ́n sì sin ín sí. Wọ́n kọ ọ́ sórí ibojì rẹ̀ pé ẹni tó bá ń wá ohun ìrántí rẹ̀, kó wo àyíká. Láyé ìgbà yẹn, ewéko ilẹ̀ òkèèrè ni ọgbà ńláńlá fi ń yangàn. Kirstenbosch ní tòun, ti ilé lòun máa gbìn. Àpapọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 528, ibi tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n ń gbìn kò ju 36 lọ, ìyókù jẹ́ igbó òkè bó ṣe wà. Ẹkùn Cape yìí ní irú ewéko tó tó 9,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí níbòmíràn láyé. Ìdí nìyẹn tí UNESCO fi kọ ẹkùn náà sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2004, tòun ti ọgbà náà.

Ohun mẹ́ta ni kí màmá má ṣe kọjá láìwò.

Èkíní ni igi kan tó ń jẹ́ Encephalartos woodii. Ó fara jọ ọ̀pẹ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀pẹ. Ní 1895, onímọ̀ ewéko kan, John Medley Wood, rí i nínú igbó oNgoye, níbi tí wọ́n ń pè ní KwaZulu-Natal lónìí. Akọ ni. Wọ́n wá abo rẹ̀ láti ìgbà náà títí dòní, wọn ò rí i. Gbogbo irú rẹ̀ tó wà láyé lónìí, ara ìdí igi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti yọ ọ́. Inú irin ni wọ́n fi èyí tó wà ní Kirstenbosch sí nítorí olè, torí àwọn tó ń jí irú igi bẹ́ẹ̀ tà wà. Ní 2014, wọ́n wọ ọgbà náà, wọ́n sì hú àwọn ìbátan rẹ̀ lọ.

Èkejì, ẹ wá odi igi tí àwọn Dutch gbìn ṣe ààlà ní 1660. Igi wild almond ni wọ́n tò léra kí àwọn Khoikhoi, darandaran ilẹ̀ náà, má baà da màlúù wọn gba orí ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn látayébáyé. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì ń hù ní Kirstenbosch. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo dúró tì í. Igi ilẹ̀ náà ni, àwọn onílẹ̀ mọ ìwúlò rẹ̀: èso rẹ̀ ní májèlé, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí májèlé náà jáde kí wọ́n tó jẹ ẹ́, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe gbágùúdá kíkorò. Igi tó ń bọ́ wọn yẹn náà ni wọ́n fi lé wọn sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni Erica verticillata. Òdòdó rẹ̀ gùn tín-ínrín, ó pọ́n díẹ̀. Pápá Cape Flats nilé rẹ̀. Ilé kíkọ́ gba ibẹ̀, ó sì pa run nínú igbó pátápátá. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó ṣẹ́ kù nínú ọgbà mélòó kan, Kirstenbosch wà lára wọn. Wọ́n tún un gbìn, wọ́n sì ti dá a padà sórí ilẹ̀ tó ti wá.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ṣakí

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta irúgbìn. Ọmọ Eléwé, ẹ bá mi ra ti protea. Mo ní ilẹ̀, mo ní ajílẹ̀.

Olùkọ́ Òṣogbo

Àbúrò, ajílẹ̀ yẹn gan-an ló máa pa á. Iyanrìn tí kò lọ́ràá ló mọ́ protea lára. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣù bí ìdì òwú, ìyẹn ló fi ń fa ìwọ̀nba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá da ajílẹ̀ olọ́ràá sí i, ó mu ún yó ju bó ṣe yẹ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ẹnu ewé. Ìgbà òtútù ni òjò tirẹ̀ sì ń rọ̀. Òjò wa nínú ooru á jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ rà.

Irúgbìn ọ̀pọ̀ nínú ewéko igbó ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní fynbos, kì í hù àfi tí iná bá ti jó igbó tí èéfín sì kan irúgbìn náà. Ní Kirstenbosch ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn ní nǹkan bí 1990, wọ́n wá ń ta bébà tí wọ́n ti fi èéfín fín. Ẹ rẹ bébà náà sómi, ẹ rẹ irúgbìn sínú omi yẹn kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Àgbẹ̀ wa mọ̀ pé lẹ́yìn tí iná bá jó oko ni ewé tútù ń yọ. Ohun tó wà nínú èéfín ni wọ́n wá rí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, èèyàn kì í kàn ki irúgbìn sápò wọ Nàìjíríà. Ó nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko láti ibi tó ti wá àti àṣẹ àwọn NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ewéko tó ń wọlé wò, nílé. Kòkòrò kan péré tó bá fara pamọ́ sínú rẹ̀ lè ba oko aládùúgbò jẹ́.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ṣakí

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rà á mọ́.

Ìyá Ìbejì, Cape Town

Mo gbàgbé afárá. Ẹ má jẹ́ kí eékún màmá fi í dù wọ́n. Irin àti pákó ni wọ́n fi ṣe é, ó gùn tó 130 mítà, ó ń lọ́ gba àárín igi bí ejò. Boomslang ni wọ́n ń pè é, ejò orí igi sì nìtumọ̀ rẹ̀ lédè Afrikaans. 2014 ni wọ́n ṣí i, lẹ́yìn tí ọgbà náà pé 100 ọdún. Ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ máa ti bọ́ sórí rẹ̀ láìgun àtẹ̀gùn kankan, ilẹ̀ á sì máa jìnnà sí yín díẹ̀díẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa wà lókè bíi mítà 12. Ó máa ń mì díẹ̀ tí èrò bá pọ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn ṣáájú kí wọ́n má baà fòyà.

Ẹ sọ ti òwìwí náà fún wọn. Òwìwí ń gbé nínú ọgbà náà, ó ń pamọ síbẹ̀, àwọn èèyàn á sì pé jọ tí wọ́n á máa wò ó lọ́sàn-án gangan. Ìyá ọkọ mi rí i, wọn ò wọ ọgbà náà mọ́ títí wọ́n fi padà sílé.

Ọmọ Eléwé, Ìbàdàn

A ti lọ, a ti bọ̀, ẹ ṣeun gan-an. Mo ní kí n wá jíṣẹ́, nítorí ẹ̀yin lẹ mú wa débẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ la wọlé. Ilé onígíláàsì tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà la kọ́kọ́ yà sí, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko aṣálẹ̀ àti ti ilẹ̀ gbígbóná. Màmá rí igi ńlá kan láàárín ibẹ̀, wọ́n pariwo pé, "Oṣè!" Oṣè ni lóòótọ́. Wọ́n lọ gbá ìdí rẹ̀ pẹ́pẹ́, wọ́n kí i bí ẹni pàdé ará ilé lájò. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí etí erin ní oríṣiríṣi, òmíràn ga ju èèyàn lọ.

Inú ọgbà ewé ìwòsàn la ti pẹ́ jù. Wákàtí méjì. Obìnrin kan ń tu koríko níbẹ̀, ọmọ Xhosa ni. Gẹ̀ẹ́sì màmá ò pọ̀, obìnrin náà ò sì gbọ́ Yorùbá. Màmá tẹjú mọ́ ewé kan tó rí wúruwùru, tó ní àwọ̀ bí eérú. Obìnrin náà rí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ ra ewé náà lórí igi, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí wọn nímú. "Umhlonyane," ló wí. Màmá fimú fa òórùn náà títí, wọ́n dijú. Lẹ́yìn náà wọ́n lu àyà ara wọn, wọ́n húkọ́ wúhú-wúhú, wọ́n sì gbójú sókè wò ó bí ẹni ń bèèrè. Obìnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òun náà húkọ́, ó wá fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń se é, bí wọ́n ṣe ń da aṣọ borí fi fa ooru rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ewé méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n fi ikọ́, inú rírun àti eékún dídùn bára wọn sọ. Ibi tí ewé kan ti ń rùn bí ààyù, àwọn méjèèjì fọwọ́ kan ikùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wò wọ́n, omi sì bọ́ lójú mi. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ibi tí ẹnì kan ti bá màmá mi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn bí ọ̀mọ̀wé sí ọ̀mọ̀wé rí.

Nídìí igi inú irin yẹn, mo túmọ̀ ohun tí Olùkọ́ kọ fún wọn. Wọ́n di irin náà mú. Wọ́n ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ó ń so, kò rẹ́ni gbà á." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèpo igi tí wọn ò rí rà mọ́ ní Bódè fún mi, èyí tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀nà jíjìn báyìí, àti èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá mú un wá, igi kékeré tí kò tíì gbó ni wọ́n bó. Mo sọ fún wọn pé nílẹ̀ South Africa náà, igi kan tó ń jẹ́ Warburgia salutaris wà tí bíbó èèpo rẹ̀ fi egbòogi ti fẹ́ẹ̀ pa run, tí àwọn onímọ̀ sì ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa lo ewé rẹ̀ dípò èèpo. Wọn ò dáhùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n wá bi mí léèrè bóyá ó dá mi lójú pé ewé rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́.

A gun afárá, ó mì, wọ́n di apá mi mú, wọn ò bẹ̀rù. Òwìwí wà lórí igi. Wọ́n wò ó, wọ́n gbójú kúrò, wọ́n ní ká máa lọ síwájú. Nígbà tí aago mẹ́ta fi máa lù, òjìji dé bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ẹ̀wù kejì sì wúlò.

Ohun tí màmá sọ jù látìgbà tá a ti dé ni páálí pẹlẹbẹ tó wà nídìí ewéko kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Wọ́n ní ìyá wọn mọ ewé tí àwọn ò mọ̀, àwọn mọ ewé tí èmi ò mọ̀. Nítorí náà, alaalẹ́ ni mò ń bá wọn gé páálí. Wọ́n á pe orúkọ, màá kọ ọ́ tàmì-tàmì, wọ́n á so ó mọ́ ìdì ewé náà lórí àtẹ. A ti kọ 43. Àná, àwọn àti oníbàárà kan tó ti Ìkìrun wá fa ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan, torí orúkọ tí wọ́n ń pe ewé náà níbẹ̀ yàtọ̀. Màmá ní kí n kọ méjèèjì síbẹ̀.